Ẹni Tó Bá Dákẹ́, Tara Ẹ̀ Á Bá A Dákẹ́

Oyún àkọ́kọ́ mi, oṣù márùn-ún gbáko ni mo fi gbé e pamọ́. Màámi ló ní n ò gbọdọ̀ sọ fẹ́nì kankan títí ikùn á fi yọ, èmi náà bá ń wọ bùbá gbàgẹ̀rẹ̀ kiri ọjà Ìgbọ̀nà bí ẹni tó jí nǹkan gbé. Òòyì ń kọ́ mi, àyà mi ń já, mo dákẹ́. Ọjọ́ tí mo wá lọ forúkọ sílẹ̀ fún àǹténátà, wọ́n yẹ̀jẹ̀ mi wò, kò tó rárá. Nọ́ọ̀sì àgbà kan wojú mi títí, ó ní, "Ìyàwó, ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́."

Ẹni tí wọ́n jẹ lówó tí kò lè sìn ín la sábà máa ń pa òwe yẹn fún. Àmọ́ ti aboyún ló bá a mu jù lójú tèmi, torí ara gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Mi ò bá àwọn ìyá wa jà o. Kéèyàn má polongo oyún, mo fara mọ́ ọn, mi ò ní gbé tèmi sórí status láéláé. Ṣùgbọ́n ayé là ń fi pamọ́ fún, nọ́ọ̀sì kì í ṣe ayé. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti sọ ọ́ láti 2016 pé kí aboyún rí àwọn elétò ìlera nígbà 8 ó kéré tán, kí àkọ́kọ́ sì wáyé kó tó pé ọ̀sẹ̀ 12. Oògùn folic acid tí wọ́n máa fún ẹ, 400 microgram lójúmọ́, ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ló wúlò jù, nígbà tí ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ ń dáyé. Èmi tó lọ loṣù karùn-ún, ìyẹn ti ré mi kọjá, Ọlọ́run ló ṣàánú mi.

Àwọn àbúrò máa ń bi mí nípa èébì. Jẹun díẹ̀díẹ̀, fi bísikí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì kó o jẹ ẹ́ kó o tó dìde, tó bá di bí oṣù kẹrin ó máa ń rọlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Tí omi lásán ò bá dúró nínú ẹ mọ́, má jókòó sílé. Yíyí ọmọ nínú ńkọ́? Oyún àkọ́kọ́ lè tó ọ̀sẹ̀ 20 kó o tó mọ̀ ọ́n lára, má fi tọ̀rẹ́ ẹ dá ara ẹ lágara. Àmọ́ tó bá ti ń yí dáadáa tó wá dákẹ́, má dúró dọ̀la.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé àwọn àìsàn kan náà mọ̀ ọ́n dákẹ́. Ibà lè sá pamọ́ sínú ibi ọmọ, kára ìyá má gbóná rárá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún wa ní oògùn ibà Fansidar látìgbà tá a bá ti wọ oṣù kẹrin, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, oṣù kan síra wọn, sulfa sì wà nínú ẹ̀, tí oògùn sulfa ò bá bá ẹ lára mu, sọ fún wọn kó o tó gbé e mì. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ńkọ́, sùn sínú ẹ̀, ooru inú ẹ̀ kì í pààyàn. Ẹ̀jẹ̀ ríru náà kì í pariwo. Tórí bá ń fọ́ ẹ burúkú, tójú ń ṣe bàìbàì, tójú àtọwọ́ wú, tàbí tó o rẹ́jẹ̀, wọ kẹ̀kẹ́, inú kẹ̀kẹ́ lo ti máa gbàdúrà.

Ti àgbo ló ṣòro, torí ìyá ọkọ ló ń gbé e wá, ó sì dá lórí ìfẹ́. Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ. Kúnlẹ̀, kó o ní, "Ẹ ṣé mà, wọ́n ní kí n lo tiwọn tán ná." Omi odò Ọ̀ṣun náà ńkọ́? Àwa ará Òṣogbo mọ̀ pé Yèyé ni ọlọ́mọ, àmọ́ látìgbà tí wọ́n ti ń wa góòlù lápá Ìjẹ̀ṣà lodò ọ̀hún ti pọ́n bí ẹrẹ̀. Kí i, jùbà ẹ̀, má mu ún.

Oyún kejì mi, ọ̀sẹ̀ kẹjọ ni mo ti débẹ̀. Nọ́ọ̀sì yẹn ò tiẹ̀ rántí mi, ó kàn na ike sí mi pé kí n lọ tọ̀ sínú ẹ̀.