Ẹ̀yin tó ń lọ kàwé ní Cape Town, ẹ má fi kóòtù sílẹ̀

Ní Àkúrẹ́ níbí, bí ọmọ bá ní òun fẹ́ lọ lo sẹ́mẹ́sítà kan ní yunifásítì kan ní London, gbogbo ilé ló máa bá a wá aṣọ òtútù. Bó bá ní Cape Town ni, wọ́n á ní, "Ṣebí Áfíríkà náà ni? Ooru kan náà ni."

Bí wọ́n ṣe wí fún mi nìyẹn. Màmá mi tí wọ́n ń ta òkìríkà l'Ọ́jà Ọba ló fọwọ́ ara wọn yọ kóòtù kúrò nínú báàgì mi. Kóòtù onírun nínú ni, ó ti pẹ́ nísàlẹ̀ bélì torí kò sẹ́ni tó rà á. "Òyìnbó ló ń wọ èyí. Fi àyè ẹ̀ kó gaàrí."

Oṣù keje ni mo débẹ̀. Gaàrí wúlò o, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ kejì, ṣòkòtò méjì ni mo wọ̀ sùn, mo tún fi aṣọ ìnura wé orí.

Àkúrẹ́ ò jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé, ìwọ̀n 7 péré ni lápá àríwá. Cape Town wà ní ìwọ̀n 34 lápá gúúsù. Ká ní apá àríwá ló bọ́ sí ni, ọ̀gangan Mòrókò ni ì bá wà. Torí pé apá gúúsù ló wà, ìgbà òtútù wọn ni oṣù kẹfà sí ìkẹjọ, ìgbà yẹn gan-an sì lòjò wọn ń rọ̀. Lóru, ó lè wálẹ̀ dé ìwọ̀n 7 tàbí 8 Celsius. Ọyẹ́ tí a ń torí ẹ̀ ráhùn nílé kì í sábà mú tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ni kò sì ní ẹ̀rọ tó ń mú yàrá gbóná, ẹ ó kàn wọlé ni, òtútù á bá yín wọlé.

Àwọn tó ń sọ pé ooru ló wà níbẹ̀ kò parọ́ pátápátá. Àsìkò Kérésì ni ọ̀pọ̀ wọn lọ, ooru ló sì máa ń mú nígbà yẹn.

Ti òkun wá ńkọ́? Ẹni tó bá ti dé Ayétòrò ní Ìlàjẹ mọ̀ pé omi òkun wa kì í tutù. Mo gbé ọkàn yẹn lọ sí Camps Bay, etíkun kan ní Cape Town. Mo sáré wọ omi, mo sáré jáde, àwọn ọmọ kéékèèké ń fi mí rẹ́rìn-ín. Èyí tó wá yà mí lẹ́nu jù ni pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni omi ẹ̀gbẹ́ Àtìláńtíìkì yẹn máa ń tutù jù. Afẹ́fẹ́ láti gúúsù ìlà-oòrùn ló ń ti omi òkè kúrò létí òkun, ni omi tútù ìsàlẹ̀ á bá gòkè wá rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wẹ̀ kó kọjá sí Muizenberg lódìkejì, ibẹ̀ sàn díẹ̀.

Nísinsìnyí, bí ọmọ yunifásítì bá dé ìsọ̀ màmá mi tó ní Cape Town lòun ń lọ, oṣù tó ń lọ ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi í. Owó kóòtù náà sì ti lé.