Ìtàn Ìgbésí Ayé Chii Kì í Ṣe Àròsọ
Ó jọ pé ẹni tí ó kọ ọ́ pé àròsọ ni ìwé ìtàn alàwòrán *The Bride Was a Boy*, àti pé ẹnikẹ́ni ní Japan kàn lè jí lówùúrọ̀ kí ó lọ yí akọ padà sí abo nínú ìwé ìjọba, kò ṣí ìwé náà wò rárá. Ìtàn ara Chii tí ó ya ìwé náà ni: ọmọkùnrin ni wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ sí nígbà tí wọ́n bí i, obìnrin ni ó ń gbé ayé bí, ó sì ti lọ́kọ. Àwòrán apanilẹ́rìn-ín ni ó fi sọ ọ́ (bóyá ìyẹn ló ṣi àwọn kan lọ́nà), ṣùgbọ́n ó máa ń dá àwàdà dúró láti ṣàlàyé òfin. Òfin ọdún 2003 tí Japan fi ń gba ènìyàn láàyè láti yí akọ tàbí abo padà nínú ìwé ìjọba, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2004, béèrè pé kí dókítà méjì ó kéré tán jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ ẹni náà, kí ó má ṣe ní ọkọ tàbí aya, kí ó sì ti ṣe iṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kí ó lè bímọ mọ́, kí ilé ẹjọ́ tó fọwọ́ sí i. Ọdún 2023 ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ níbẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé fífi dandan mú ènìyàn di aláìlèbímọ báyìí ta ko òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ náà. Ìwé Chii ti jáde ṣáájú ìdájọ́ yẹn.