Tara Ẹni Là Á Kọ́kọ́ Gbọ̀n

Bí iná bá ń jóni, tó ń jó ọmọ ẹni, tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n. Ẹni tí iná ti jó rí kò ní bèèrè ìdí rẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú ni bí àwọn bàbá ìwòyí ṣe sọ òwe náà di ìwé àṣẹ ọ̀kánjúwà.

Ní Sátidé tó kọjá, ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Tanke, ní Ìlọrin, mo ń sọ ìtàn inú The Road, ìwé tí Cormac McCarthy ará Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 2006. Ayé ti bàjẹ́ ráúráú, eérú bo ilẹ̀, oúnjẹ di àwátì débi pé ènìyàn ń pa ènìyàn jẹ, bàbá kan àti ọmọkùnrin rẹ̀ kékeré sì ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù lọ sí ìhà gúúsù. Lọ́jọ́ kan, bàbá po ìwọ̀nba kòkó tó ṣẹ́kù fún ọmọ, ó sì bu omi gbígbóná lásán sínú ife tirẹ̀.

“Alfa, bàbá yẹn kò gbọ́n,” ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan dá mi lóhùn. “Ṣé ẹ kò mọ̀ pé tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n ni?”

Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọ̀rá wàrà díndín bó ti ń sọ̀rọ̀. Ọmọ rẹ̀, tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ, dúró tì í, ojú rẹ̀ ń bá ọwọ́ bàbá rẹ̀ rìn láti inú ọ̀rá dé ẹnu. Nígbà tí wàrà tán, ọmọ gba ọ̀rá, ó tú inú rẹ̀ síta, ó sì ń lá epo ata tó lẹ̀ mọ́ ọn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò jẹ́ kí n sọ ìtàn náà dópin. Ọmọ inú ìwé rí omi lásán nínú ife bàbá rẹ̀, ó sì bá a wí pé ṣebí ó ti ṣèlérí pé òun kò ní ṣe bẹ́ẹ̀, títí bàbá fi bu díẹ̀ nínú kòkó náà sínú ife tirẹ̀. Ọmọdé yẹn gbọ́ òwe wa ju ìwọ tí a bí sí Ìlọrin lọ. “Kọ́kọ́” ni àwọn àgbà wí. Ohun tí a bá kọ́kọ́ ṣe, òmíràn ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. A ń gbọ̀n tara ẹni kí ọwọ́ lè ráyè fa ọmọ yọ ni.

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Bí ojú rẹ bá di bàìbàì lọ́la, tí o ń táràrà wá ẹni tí yóò fà ọ́ lọ́wọ́, ọmọ yìí náà yóò ti mọ òwe rẹ sórí. Ayé tìrẹ kò sì tíì jó: oníwàrà wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, epo ń hó nínú agbada rẹ̀, owó wà lápò rẹ. Iná wo lo wá ń gbọ̀n?