Baba Aláwo Lẹ́kí

Èkó tó gba olè, tó gba ọ̀lẹ, ti wá gba aláwo. Tí ẹ bá dé ilé olówó kan ní Ìkòyí tàbí Lẹ́kí lásìkò yìí, tí ẹnikẹ́ni ò fi omi tútù lọ̀ yín, ẹ má bínú. Ẹ kàn wo ògiri pálọ̀. Ibi tí fọ́tò ìgbéyàwó wà tẹ́lẹ̀, pẹpẹ ti gba ibẹ̀ láti ilẹ̀ dé òkè, àwo orin sì kún un bámúbámú. Àwo dúdú rìbìtì ni, irú èyí tí àwọn bàbá wa máa ń gbé sórí rédíógíráàmù lálẹ́ Sátidé, tí àwa ọmọ wọn kó dà sẹ́yìnkùlé nígbà tí káséètì dé. Òun ló padà di oge. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwo bàbá ẹnikẹ́ni ló wà lórí pẹpẹ yẹn o. Ẹ ò ní rí Hárúnà Ìṣọ̀lá níbẹ̀, ẹ ò ní rí I. K. Dairo. Jáàsì ni gbogbo rẹ̀, jáàsì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n fi ọ̀rá wé ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì tò ó ní a-bí-dí.

A ti rí oríṣiríṣi fáàrí nílùú yìí. A rí ìgbà sìgá Cuba. A rí ìgbà kẹ̀kẹ́, tí àwọn ọ̀gá báǹkì wọ ṣòkòtò tó fún pinpin gun kẹ̀kẹ́ lórí afárá Lẹ́kí sí Ìkòyí láàárọ̀ Sátidé, tí àwa ẹlẹ́sẹ̀ sì ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ti àwo yìí ló le jù, nítorí pé ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ máa kọjá lọ ni. Aláwo kì í kọjá. Ó máa jókòó tì yín, ó sì máa ṣàlàyé.

Nígbà àkọ́kọ́ tí ọ̀kan nínú wọn pè mí wá sílé, ó ní kí n lọ fọwọ́. Inú mi dùn. Mo ṣebí iyán ti délẹ̀ ni. Mo fọwọ́ tán, mo jókòó, ó gbé páálí àwo kan lé mi lọ́wọ́.

Ẹ wá wo ètùtù tó tẹ̀ lé e. Baba Aláwo (èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn, òun ò mọ̀) fa àwo náà yọ, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì di etí rẹ̀ mú, kò jẹ́ kí ìka kan kan ojú rẹ̀. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ gbá eruku tí kò sí níbẹ̀. Ó gbé e síwájú iná, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Mo ń retí kó gbé e sórí ẹ̀rọ. Rárá o. Ibi tí orin parí sí ló ń wò, ẹ̀gbẹ́ bébà àárín níbẹ̀ yẹn tí abẹ́rẹ́ kì í rí nǹkan kan gbọ́. Ó ní kí n wá wo lẹ́tà mẹ́ta kan: RVG. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀.

Rudy Van Gelder ni lẹ́tà mẹ́ta yẹn dúró fún. Iṣẹ́ yíyẹ ojú wò fún àwọn tó fẹ́ lo awò ni ọkùnrin náà fi ń jẹun. Inú pálọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Hackensack, New Jersey, ló ti kọ́kọ́ ń gba orin sílẹ̀ fún Blue Note, iléeṣẹ́ tí Alfred Lion, ọmọ Berlin, dá sílẹ̀ ní New York lọ́dún 1939. Ọdún 1959 ló tó kó lọ sí ilé tó kọ́ fún iṣẹ́ náà ní Englewood Cliffs. Oníṣẹ́ ojú ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, ojú náà ni wọ́n sì fi ń ṣe é títí dòní.

Torí RVG nìkan kọ́ o. Wọ́n tún máa wá àmì kékeré kan tó jọ P, tó fi hàn pé ilé ìtẹ̀wo Plastylite ló tẹ àwo náà. Àwọn aláwo ń pe àmì yẹn ní etí. Gbogbo alẹ́ ni wọ́n fi ń wá etí lára àwo, èyí tó wà lórí tiwọn wá jókòó láìríṣẹ́ ṣe. Lẹ́yìn náà ló kan àdírẹ́sì Blue Note, èyí tó ń sọ bí àwo ṣe pẹ́ tó. Bí bébà àárín bá kọ New York, USA lásán, wọ́n á mi orí. Bó bá kọ 47 West 63rd, wọ́n á jókòó dáadáa. Bó bá jẹ́ Lexington Avenue ló kọ, ẹ yáa pe dókítà. Lọ́yà tó ń yẹ C of O ilẹ̀ Ajah wò ò lè fojú sí ìwé tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wá bi wọ́n léèrè ta ló ń lu ìlù lórí àwo náà, ẹ ó rí i pé wọ́n á yí páálí náà padà kí wọ́n tó dá yín lóhùn.

Páálí ọ̀hún náà ń kọ́? Wọ́n ń fi gíláàsì dè é mọ́ ògiri. Reid Miles ló ya púpọ̀ nínú páálí Blue Note tí wọ́n ń bọ yìí, a sì gbọ́ pé ọkùnrin náà ò fi bẹ́ẹ̀ bìkítà fún jáàsì, orin kíláásíkà ló wù ú. Òun nìkan ni mi ò rí ẹ̀bi rẹ̀ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé kò díbọ́n.

Ìjọ méjì ni wọ́n pín sí. Ìjọ àkọ́tẹ̀ ní tòun, bí kò bá ti jẹ́ èyí tí wọ́n tẹ̀ nígbà náà lọ́hùn-ún, kó má wọlé òun, ì báà ha yánnayànna, ì báà máa hó bí abẹ́rẹ́ bá ti kàn án. Ìjọ àtúntẹ̀ ní tuntun ni tòun, àwo tó wúwo tó gíráàmù 180, tí páálí rẹ̀ nípọn débi pé èèyàn lè fi dá ilẹ̀kùn dúró. Blue Note ti ń gbé oríṣi kan jáde fún wọn láti 2019, Tone Poet lorúkọ rẹ̀. Síbẹ̀ àwọn kan tún ní èyí ò tó. Wọ́n lọ ra irú èyí tí wọ́n ti la àwo kan sí méjì, kó lè máa yípo nígbà 45 ní ìṣẹ́jú kan dípò 33 àti díẹ̀. Owó lé, orin ò lé ẹyọ kan. Ojú àwo kan á sì ti parí kí èèyàn tó fẹ̀yìn ti àga tán. Mo wo ọ̀gá oníkùn ńlá kan tó dìde lẹ́ẹ̀mẹta láàárín orin ọkùnrin kan ṣoṣo, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ìyàwó rẹ̀ ní dókítà ti ní kó máa ṣe eré ìdárayá tẹ́lẹ̀.

Owó wo ni wọ́n fi ń rà á? Dọ́là ni. Ta ló ń bá wọn kó o wọlé? Àbúrò ìyàwó tó ń bọ̀ láti Houston, tí wọ́n ní kó yọ aṣọ àwọn ọmọ kúrò nínú báàgì kí àwo lè gba àyè. Tí àwo bá wá délé, wọ́n á fi yàrá tó ní éè-sì fún un, nítorí ooru Èkó máa ń ká àwo wọ̀ǹkọ̀, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ wa sì ń bu funfun sí i lára. Bí NEPA bá mú iná lọ, ẹ̀rọ inverter á gba iṣẹ́ éè-sì náà ṣe mọ́jú. Mégáàdì tó ń ṣọ́ wọn wà lẹ́nu géètì, ó ń fi páálí àwo tó ya fẹ́ ara rẹ̀.

Kí n tó gbàgbé, kì í ṣe tiwa nìkan ni. Àwọn òyìnbó tí a ń wò ṣe é náà ti gbá etí wọn mú lọ́dún 2022. Iléeṣẹ́ kan ní Kalifọ́níà, Mobile Fidelity, ló ń tún àwo àtijọ́ tẹ̀, àwọn aláwo káàkiri ayé sì gbà pé láti orí téèpù ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni orin ti ń lọ tààrà sórí àwo, kọ̀ǹpútà ò fọwọ́ kàn án. Kọ̀ǹpútà náà sì ni ọ̀tá. Wọ́n ní bó bá ti kan orin, àwọn á mọ̀ láti ẹnu géètì. Ọkùnrin kan tó ń ta àwo ní Arizona ló tú àṣírí náà, àwọn oníṣẹ́ ilé náà sì jẹ́wọ́ pé láti 2011 ni àwọn ti ń kọ́kọ́ gba orin sórí kọ̀ǹpútà kí àwọn tó tẹ̀ ẹ́. Láti 2011! Gbogbo ọdún yẹn ni àwọn ẹlẹ́tí-ọba fi ń pajú dé, tí wọ́n ń kan sáárá sí téèpù. Ọ̀rọ̀ náà dé kóòtù. Mo bi Baba Aláwo wa bóyá ó ti gbọ́. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń fura.

Ibi tó ti dùn mí díẹ̀ nìyí. Mo bi í bóyá ó ní àwo Solomon Ìlọ̀rí. Ó ní, "Ìlọ̀rí wo? Ti Sùúrùlérè?" Ọmọ Yorùbá tó kọrin pẹ̀lú Art Blakey, onílù jáàsì Amẹ́ríkà, lọ́dún 1962, tí Blue Note gbé àwo tirẹ̀ jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Blue Note yìí kan náà tó ń fojú wá etí rẹ̀! Mo mú Bàbátúndé Ọlátúnjí, ọmọ Àjìdó ní ẹ̀bá Badagry, tí iléeṣẹ́ Columbia tẹ àwo ìlù rẹ̀ lọ́dún 1960, tí John Coltrane, afọnfèrè jáàsì ńlá nì, fi orúkọ rẹ̀ sọ orin, tí Coltrane sì lọ fọn fèrè ní ilé àṣà tí Ọlátúnjí dá sílẹ̀ ní Harlem nínú oṣù Kẹrin ọdún 1967, oṣù mẹ́ta péré kí Coltrane tó kú. Baba Aláwo ní òun ti gbọ́ orúkọ Coltrane. Lionel Hampton, Nina Simone àti Randy Weston wá ṣeré nílùú Èkó níbí nínú oṣù Kejìlá ọdún 1961, bàbá rẹ̀ ṣeé ṣe kó wà níbẹ̀. Àwo háílàìfù bàbá yẹn, èyí tí wọ́n kó jáde nígbà tí wọ́n ń kun ilé, àwọn òyìnbó ti kó irú rẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ tún tẹ̀. Ó ti rà á padà. Pọ́n-ùn ló fi rà á, ó sì wí fún mi pé ó ṣọ̀wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká dé ibi ìpàdé wọn. Alẹ́ Friday ni wọ́n máa ń pé jọ láti gbọ́ àwo. Wọ́n á gba fóònù lọ́wọ́ yín lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ ò gbọdọ̀ húkọ́. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, Baba Aláwo gbé ọba àwo rẹ̀ jáde, Kind of Blue ti Miles Davis, àkọ́tẹ̀ 1959, sórí ẹ̀rọ tòkunbọ̀ kan tó ti Amẹ́ríkà wá nínú kọ̀ntẹ́nà, pẹ̀lú tiransífọ́mà ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí iná wa má baà jó o. Orin bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ojú pa dé. Ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ẹ gbọ́ bí ohùn yẹn ṣe ki. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń lọ jẹ́jẹ́, tó lọ́wọ̀. Ẹ lè gbọ́ irú èyí lórí fóònù?"

Bàbá ìyàwó rẹ̀ wà níjókòó. Ìkẹ́ni ni wọ́n fi pè é wá. Bàbá yìí fọn fèrè nínú àwọn ẹgbẹ́ onílù háílàìfù nílùú Èkó láyé Bobby Benson, kó tó di pé eyín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ó tẹ́tí sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó wá béèrè pé, "Ta ló kú?"

Wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Dádì, kò sẹ́ni tó kú o."

"Kí ló wá ń ṣe wọ́n tí wọ́n fi ń fọn ọ́n báyìí? Orin yìí, kí D ló wà, ibẹ̀ ni ohùn rẹ̀ dúró sí. Èmi fúnra mi ti fọn ọ́n. Ta ló gbé e wálẹ̀ sí B?"

"Dádì, àkọ́tẹ̀ ni o, ti 1959."

"Ì báà jẹ́ àtẹ̀gbẹ̀yìn, ọmọ mi, B ló wà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ, bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín fún àna. Ọmọkùnrin tó ń tọ́jú inverter ló tú u fún wọn, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú tẹ́sítà lọ́wọ́. Ó ní tiransífọ́mà yẹn ń dín agbára iná kù lóòótọ́, àmọ́ kò lè yí bí iná ṣe ń mì padà. Iná Amẹ́ríkà ń mì nígbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tiwa ń mì nígbà 50, irú mọ́tò àtijọ́ tó wà nínú ẹ̀rọ yẹn sì ń bá mímì iná yípo ni. Àwo tó yẹ kó yí nígbà 33 àti díẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan ò yí tó 28 nínú ilé yìí rí. Láti ọjọ́ tí ẹ̀rọ ti dé! Gbogbo jẹ́jẹ́ yẹn, gbogbo ọ̀wọ̀ yẹn.

Àwo náà gan-an ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lára. Lọ́jọ́ kejì oṣù Kẹta ọdún 1959 tí wọ́n ń gba orin ojú kìíní rẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀rọ téèpù kan ń falẹ̀ díẹ̀, àwo tó jáde wá ń sáré ju bó ṣe yẹ lọ. Ọdún 1992 ni wọ́n tó tún un ṣe. Miles Davis ti kú lọ́dún tó ṣáájú. Àkọ́tẹ̀ tí wọ́n ń san dọ́là lé lórí, èyí tó yára jù ni. Tó bá wá dé Lẹ́kí, a fà á sẹ́yìn. Mo wò ó pé lórí àkọ́tẹ̀, kò sí orílẹ̀-èdè kan tó tíì gbọ́ ọkùnrin náà bó ṣe fọn ọ́n, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́rìn-ín, ẹnì kan sì wò mí nítorí òfin húkọ́.

Ọmọkùnrin yẹn lọ bá oníṣẹ́ léètì kan ní Mùṣin, ó ní kó gbẹ́ wìlì kékeré kan tó tóbi ju ti inú ẹ̀rọ lọ, kó lè bá iná wa mu. Owó rẹ̀ ò tó ìdajì owó àwo kan. Lọ́jọ́ Friday tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé ọba àwo sórí rẹ̀, orin jáde, ó padà sí kí D. Baba Aláwo pajú dé. Ó la ojú. Ó tún un pa dé. Ó ní, "Ó ti ń kánjú. Ẹ gbọ́ ọ, kò ki mọ́. Ẹ̀mí ti kúrò lára rẹ̀." Àwọn yòókù ní àwọn náà gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí ọmọ náà dá wìlì àtijọ́ padà kíákíá. Wọn ò sì pe Dádì mọ́, wọ́n ní ìrìn láti Sùúrùlérè ti ń jìnnà fún ọjọ́ orí wọn.

Báyìí, mẹ́ta nínú wọn ti ń wá irú ẹ̀rọ Amẹ́ríkà bẹ́ẹ̀, wọ́n ní èyí tó ń ta ní Jámánì ò ní ohùn. Ọmọkùnrin oní-inverter ni wọ́n ń bẹ̀. Ó ní bí òun bá máa tún un ṣe, owó díẹ̀ ni. Bí òun bá máa fi sílẹ̀ láìtún un ṣe, ìlọ́po mẹ́ta, kí wọ́n sì san án ṣáájú.