Ẹni Tó Bá Da Omi Síwájú

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ló bi mí ní ìbéèrè kan, ní àárọ̀ Sátidé tí mò ń wá bùùtù òjò mi kiri ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú o, èló ni wọ́n ń san fún yín níbi odò tí ẹ máa ń lọ yìí?" Mo ní iṣẹ́ ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú odò ni, wọn kì í san kọ́bọ̀. Ó wò mí títí, ó ní, "Kí lẹ wá ń wá lọ, mà?" Kò fi ṣe àfojúdi, ó fẹ́ mọ̀ ni. Mo dá a lóhùn pé ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Ó rẹ́rìn-ín, ó padà sídìí máṣíìnì rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ni òwe náà ò fi sílẹ̀ mọ́, nítorí bí mo ṣe ń pa á láti kékeré tó, n kò jókòó yẹ̀ ẹ́ wò rí.

Orí oore ṣíṣe la sábà máa ń pa òwe yìí sí. Ẹni tó bá ṣe rere yóò bá rere níwájú, òótọ́ sì ni. Àmọ́ ẹ wo bí àwọn àgbà ṣe to ọ̀rọ̀ náà. Omi wà níbẹ̀, ilẹ̀ wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ ènìyàn sì ń bọ̀. Wọn ò sọ pé kéèyàn dà á síbi tó dúró sí. Iwájú ni wọ́n ní, ibi tí ẹsẹ̀ rẹ ò tíì dé, tí o ò sì lè búra pé ìwọ lo máa kọ́kọ́ débẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ náà á tẹ̀ ẹ́. Ohun kan sì tún wà tí òwe náà ò dárúkọ, tí gbogbo ẹni tó ti da omi sílẹ̀ rí lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn mọ̀: ilẹ̀ máa ń gbẹ. Ẹni tó bá dà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó bá tirẹ̀ lọ, ilẹ̀ gbígbẹ ló máa padà wá tẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin tó ń gbèrò láti yọ̀ǹda ara yín fún ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ilẹ̀ àti omi sọ.

Odò Àlà ló la àárín Àkúrẹ́ kọjá. Apá àríwá ìwọ̀-oòrùn ìlú ló ti ń bọ̀, ó ń gba ẹ̀yìnkùlé àwọn ènìyàn, ó sì ń lọ bá odò Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. A ní àdúgbò tó ń jẹ́ Ẹ̀yìn-Àlà. Nígbà kan, odò yìí la fi ń júwe ilé. Àwọn ìyá tó dàgbà síbí ń sọ fún mi pé àwọn pọn ọ́n mu. Lónìí, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí ọmọ ilé ìwé jù sílẹ̀, òjò á gbé e sí gọ́tà, gọ́tà á gbé e fún Àlà, Àlà á gbé e lọ bá ẹni tó ń fọ aṣọ ní ìsàlẹ̀ odò, ẹni tí kò mọ̀ wá, tí kò sì ṣẹ̀ wá.

Àwọn kan ń sọ pé àṣà òyìnbó ni kéèyàn máa ṣe iṣẹ́ tí kò lówó. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí. Kí òyìnbó tó dé la ti ní àáró, la ti ní ọ̀wẹ̀. Bí a bá ṣe àáró lóko mi lónìí, oko tìrẹ ló kàn lọ́la. Ọ̀wẹ̀ ní tirẹ̀, ẹni tó fẹ́ kọ́lé tàbí tó fẹ́ ro oko ńlá ló máa bẹ ará àti ọ̀rẹ́, á gún iyán, á wá ẹmu, wọn á sì bá a ṣe é tayọ̀tayọ̀. Kò sẹ́ni tó máa bèèrè owó. Ibi tí ọ̀rọ̀ odò ti wá le ni pé odò ò lẹ́nu tó máa fi bẹ ọ̀wẹ̀. Kò lè gún iyán fún ẹnikẹ́ni. Ẹnì kan ló gbọ́dọ̀ bá a bẹ ará, iṣẹ́ ẹgbẹ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣìṣe àwa fúnra wa, torí òun ló kọ́ mi jù. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ ẹgbẹ́, a mú àdá àti ọkọ́, a ṣán gbogbo koríko tó wà létí odò kan, a tún hú gbòǹgbò rẹ̀ dànù. Ilẹ̀ náà mọ́ lóló bí ojúde ọba. Àwọn tó ń kọjá ń kí wa pé a kú iṣẹ́, inú wa dùn. Bàbá àgbẹ̀ kan tó dúró wò wá ni kò kí wa. Ó mi orí, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ti bọ́ aṣọ lára odò." A rò pé ọ̀rọ̀ àgbà tí kò fẹ́ràn nǹkan tuntun ni.

Òjò ńlá mẹ́ta péré ló rọ̀ lẹ́yìn náà. Bèbè odò bẹ̀rẹ̀ sí í ya wálẹ̀ gìdìgbà gìdìgbà. Àṣé koríko tí a pè ní ìdọ̀tí ló ń dá àgbàrá dúró kó tó dé odò, gbòǹgbò rẹ̀ ló sì di ilẹ̀ mú. Nígbà tí a ti tú u, kíkán òjò ń bá erùpẹ̀ lásán, ó ń fọ̀ ọ́ lọ. Erùpẹ̀ yẹn kò sì lọ jìnnà. Inú odò níbẹ̀ náà ló ń rọ̀ sí, odò a wá máa fẹ̀ tí kò jìn mọ́. Bí òjò ńlá bá dé, omi ò níbi tó máa gbà ju ilé àwọn ènìyàn lọ. Àgbàrá òjò ò lóun ò ní wólé, onílé ni ò ní gbà fún un. Àwa la tún ṣínà fún un.

Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ kan bá ní kí ẹ wá, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kó kúrò àti ohun tí wọ́n fẹ́ fi sílẹ̀. Ọ̀rá, ike, ìgò, àkísà, wọ̀nyẹn ni ká kó. Koríko àti igi etí odò, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Ìmọ́tótó ọ̀tọ̀, ìtọ́jú bèbè odò ọ̀tọ̀.

Ọ̀rọ̀ igi gbígbìn náà nìyí. Lóṣù kẹfà ọdún kan, a gbin 60 ọmọ igi. A ya fọ́tò, a jẹ àkàrà, a túká. Nígbà tó fi di oṣù kejì ọdún tó tẹ̀lé e, 9 ló kù. Ewúrẹ́ jẹ òmíràn, ọyẹ́ gbẹ òmíràn, ẹnì kan tó ń sun igbó sì sun ìyókù mọ́ ọn. A bínú sí ewúrẹ́, a bínú sí ẹni tó dáná, ṣùgbọ́n nínú gbogbo wa, kò sẹ́ni tó débẹ̀ láti oṣù kẹsàn-án. A da omi, a sì gbàgbé pé ilẹ̀ ń gbẹ.

Ní Kẹ́ńyà, Wangari Maathai àti àwọn obìnrin abúlé bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí ní 1977, nígbà tí igi ìdáná ń wọ́n wọn, tí odò wọn sì ń gbẹ. Wọ́n gbin igi tó lé ní mílíọ̀nù 30, wọ́n sì fún Maathai ní ẹ̀bùn Nobel ti àlàáfíà ní 2004. Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni bí wọ́n ṣe ń ka igi wọn. Owó táṣẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fún àwọn obìnrin yẹn, igi tó bá yè ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, kì í ṣe igi tí wọ́n rì mọ́lẹ̀.

Àwa náà yí ọwọ́ padà. Ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ló ní igi márùn-ún tirẹ̀ báyìí. A fi imọ̀ ọ̀pẹ sọgbà yí i ká nítorí ewúrẹ́, a kó ewé gbígbẹ sídìí rẹ̀ kí ilẹ̀ má baà tètè gbẹ, àmọ́ a kì í jẹ́ kí ewé náà kan ara igi, torí ó lè jẹrà. Láti oṣù kọkànlá tí òjò bá ti dá títí di oṣù kẹta, a ń gbé kẹ́ẹ̀gì lọ bomi rin ín. Kò sẹ́ni tó máa ya fọ́tò yẹn.

Ẹ ó bá àwọn tó ń da ìdọ̀tí sódò pàdé. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a ò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ẹ sọ fún un, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ bèèrè. Ìyá olóúnjẹ kan wà tí a fẹ́ bá jà. Nígbà tí a kí i, tí a ní, "Ìyá, ẹ kú ọrọ̀ ajé, níbo ni ọkọ̀ tó ń kó ìdọ̀tí máa ń dúró sí lọ́dọ̀ yín?", ó ní ọkọ̀ kankan kì í wọ àdúgbò òun. Ọ̀nà tí bárò wa lè gbà kó ìdọ̀tí rẹ̀ la bá a wá, ó sì ti jáwọ́.

Àwọn tó ń rẹ́ pákó nínú igbó ọba lápá Àpọ́nmú, wọ̀nyẹn kọjá agbára wa. Ẹ má lọ kò wọ́n lójú. Ohun tí ẹ bá rí, àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ni kí ẹ sọ ọ́ fún. Ẹ má sì wọ odò lọ́jọ́ tí òjò ńlá bá rọ̀, bí ó ti wù kí iṣẹ́ pọ̀ tó.

Nígbà tó bá rẹ̀ mí, òkè Ìdànrè ni mo máa ń rántí. Irú ọ̀pọ̀lọ́ kan wà níbẹ̀ tí a kò mọ̀ níbòmíràn láyé, Sclerophrys perreti ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ojú àpáta tí omi ń ṣàn lé fẹ́ẹ́rẹ́ ni àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń dàgbà. Omi náà kò ju kó kàn mú ojú àpáta tutù lọ. Ohun tí wọ́n ní láyé nìyẹn.

Lóṣù kìn-ín-ní ọdún yìí, ibà dá mi dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọyẹ́ mú gan-an, ọkàn mi ò sì kúrò lórí igi mi márààrún. Lọ́jọ́ tí mo lè dìde, mo gbé kẹ́ẹ̀gì, mo rọra ń lọ, mo ti gbà pé òkú igi ni mo máa bá. Nígbà tí mo débẹ̀, ìdí gbogbo wọn tutù. Ẹnì kan ti bomi rin wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ náà, ojú ẹsẹ̀ sílípáàsì rẹ̀ ṣì wà nínú ẹrẹ̀. Mo bèèrè lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́, kò sẹ́ni tó ní òun ni. Omi ṣì kún inú kẹ́ẹ̀gì mi. Mo gbé e lọ sídìí igi ẹni tó tẹ̀lé mi.