Kò Sí Ẹni Tí Kò Ní Jíìnì PRKAR1A

Ọ̀rọ̀ kan ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ lórí WhatsApp láàrin àwa ará Ìkòròdú, pé ẹni tí àyẹ̀wò bá bá PRKAR1A lára rẹ̀ ti ní kókó nínú ọkàn, àti pé àmì dúdú orí ètè ni ẹ̀rí rẹ̀. Ire ni ẹni tó fi í ránṣẹ́ ń wá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀.

Gbogbo ènìyàn ló ní jíìnì yìí, lórí krómósómù 17, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Apá kan lára protein kinase A, ẹ́ńsáìmù kan tó ń darí iṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì, ló ń pèsè. Kì í ṣe apá tó ń ṣiṣẹ́ gan-an, bí kò ṣe èyí tó ń kó o níjàánu títí cAMP, kẹ́míkà kékeré tó ń jíṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì, yóò fi dé láti tú u sílẹ̀. Bí ẹ̀dà kan bá bàjẹ́, ìjánu náà á dẹ̀, ẹ́ńsáìmù á sì máa ṣiṣẹ́ kọjá bó ṣe yẹ. Ìyẹn ló lè fa àrùn Carney, tó ṣọ̀wọ́n púpọ̀, tó sì lè mú kókó yọ nínú ọkàn.

Jíìnì tó bàjẹ́ ni àrùn ń bá rìn, kì í ṣe níní jíìnì. Lóòótọ́, àmì wínníwínní a máa yọ sí ètè àti ìpéǹpéjú àwọn tó ní àrùn náà, àmọ́ ọ̀pọ̀ ẹni tí ara wọn dá ṣáṣá náà ní àmì dúdú létè.

Ẹ tẹ 188830, nọ́ńbà jíìnì yìí, sí ojúlé OMIM, àkójọ ìmọ̀ nípa jíìnì ènìyàn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ ó rí i kà. Ẹni tí òbí rẹ̀ ní àrùn Carney ni kí ó lọ rí dókítà ọkàn.