Línkì tí mo máa ń fi sábẹ́ ọ̀rọ̀ mi yẹn

Ẹ jẹ́ n sòótọ́ ọ̀rọ̀ kan lónìí. Línkì tí mo máa ń fi sábẹ́ ọ̀rọ̀ mi yẹn, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tẹ́ ẹ sì rajà níbẹ̀, wọ́n ń fún mi ní kọ́míṣọ̀n. Wọn ò fowó lé ọjà yín o, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tajà ló ti ń jáde. Ti Amazon tiẹ̀ tún lágbára, èèyàn lè tẹ línkì ìwé kó wá lọ ra ìkòkò, tí wákàtí 24 ò bá ṣáà tíì kọjá, ẹni tó ní línkì á gbowó ìkòkò tí ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀.

Èmi ò rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kọ́míṣọ̀n o. Dẹ́rẹ́bà tó ń gbé wa lọ Àbújá, tó bá ti páàkì síwájú bùkà kan, gbogbo èrò ọkọ̀ ló mọ̀ pé ọ̀fẹ́ ló ń jẹ tiẹ̀, ẹran ẹ̀ á tún tóbi ju tiwa lọ, ẹnikẹ́ni ò bá a jà torí a jọ ń wo abọ́ ẹ̀ ni. Línkì ni ò ní abọ́ téèyàn lè yọjú wò. Ìyẹn náà ni àjọ FTC, àwọn tó ń dáàbò bo oníbàárà l'Amẹ́ríkà, ṣe sọ ọ́ láti 2009 pé ẹni tó bá ń gbowó lórí ọjà tó ń yìn gbọ́dọ̀ là á mọ́lẹ̀. Àwa ńkọ́? À ń gé línkì kúrú kó má hàn, a wá ń sọ pé "mo kàn ní kí n fi ràn yín lọ́wọ́ ni". Ìrànlọ́wọ́ wo!

Àmọ́ kéèyàn là á mọ́lẹ̀ gan-an ò tó, ara mi ni mo ti rí i. Lọ́dún tó kọjá mo kọ̀wé nípa blẹ́ńdà kan, mo sọ ọ́ gbangba lókè pé màá gba kọ́míṣọ̀n, ọkàn mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Àfi bí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ṣe pè mí: "Awẹ́lẹ́wà, èyí tẹ́ ẹ rà l'Ògùnpa tẹ́ ẹ fi ń lọ ata nílé ńkọ́, ṣé ó ti bàjẹ́ ni?"

Kò bàjẹ́. Òun gan-an ló dáa jù, kì í tètè gbóná, ìyá tó tà á fún mi ni ò ní línkì. Mi ò parọ́ kankan nínú ohun tí mo kọ, èyí tí mo yìn náà ń lọ ata, ṣùgbọ́n owó ti bá mi ṣà á kí n tó jókòó kọ ọ́. Ẹ wá wo àwọn tó ń ta kóòsì, tí wọ́n lè fún èèyàn ní ìdajì owó, ṣé ẹni tí wọ́n ń fún ní ìdajì á rántí sọ fún yín pé òun ò tíì ṣí ojú ìwé kìíní?

Ní báyìí, èyí tí mò ń lò nílé ni mo kọ́kọ́ máa ń dárúkọ, bí kò tiẹ̀ sí kọ́bọ̀ níbẹ̀, kí línkì tó tẹ̀ lé e. Owó tó ń wọlé ti já wálẹ̀ o, mi ò ní tàn yín. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ti lọ ra t'Ògùnpa ṣá. Ó fi ata lílọ̀ ránṣẹ́ sí mi nínú ike ice cream, ó ní kọ́míṣọ̀n mi nìyẹn.